Okùn Mama Nyanda

Nígbà tí wọ́n gbé òkú Hindowa wọ Falahun, òjò ti fọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nù tán. Ihò ọta tó wà láyà rẹ̀ kò tóbi ju orí ìka lọ, ohun tó sì dẹ́rù ba àwọn tó gbé e nìyẹn. Kámájọ̀ ni Hindowa, ọdẹ ẹ̀yà Mende tí wọ́n ti fi oògùn wẹ̀ fún ogun. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló ń fojú ara wọn rí i bí ọta àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ lára ẹ̀wù rẹ̀ bí àgbàdo tó bọ́ lára ṣuku. Lọ́jọ́ yìí, ẹyọ kan wọlé, kò sì jáde.

Vandi Sowa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí gbogbo kámájọ̀ ìlú náà, kò wo òkú náà pẹ́. Ó gbójú sókè, ó wá Aiah Fengai rí láàárín èrò, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

Aiah mọ irú ìwò yẹn. Ọdẹ ni òun náà. Bí èèyàn ṣe ń wo ẹran tí kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti rí òun nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀yà Kono ni Aiah. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ilẹ̀ Kono nítorí dáyámọ́ńdì inú rẹ̀, òun àti àwọn ọdẹ rẹ̀ jà títí ètù ìbọn wọn fi tán, kí wọ́n tó gba inú igbó wá sí Falahun. Vandi ló gbà wọ́n. Ó pa ewúrẹ́ fún wọn, ó fún wọn nílé, ó ní, "Ọ̀tá yín ni ọ̀tá wa. Ẹ jẹ́ ká jọ máa jà á." Wọ́n sì jọ ń jà á. Ṣùgbọ́n èèyàn lè jọ gbé igi kan náà kí ejìká má dọ́gba.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Hindowa kú, àwọn Mende gba apá ọ̀tún ọ̀nà, àwọn Kono gba apá òsì. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ìwo ẹtu tí Aiah fi kọ́rùn, èyí tí bàbá rẹ̀ di oògùn sí nínú kó tó kú, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kì í gbóná lásán. Aiah fun fèrè pé kí gbogbo ogun padà. Àwọn Kono padà. Àwọn Mende ò gbọ́ èdè fèrè Kono; wọ́n rò pé ó ní kí àwọn wọlé ni. Wọ́n sì wọlé.

"Ìwọ lo pa á," ni Vandi wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fun fèrè."

"Fèrè ta ni? Ta ló gbọ́ fèrè yín nílẹ̀ yìí?"

"Mo ti bẹ̀ yín tẹ́lẹ̀ pé ká fẹnu kò sórí fèrè kan. Ẹ ní ti yín ni gbogbo wa máa—"

"Má ṣe bá mi jiyàn lórí òkú àbúrò mi."

Aiah kúrò níbẹ̀. Àwọn Kono tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ lé e.

* * *

Iwájú ni ọ̀tá, ẹ̀yìn ni omi. Bí Falahun ṣe wà nìyẹn ní gbogbo àsìkò òjò ọdún náà. Odò Sewa ti kún, ó ti gbé afárá lọ, ọkọ̀ igi kan ṣoṣo ló kù létí rẹ̀. Ọ̀nà tó wọ ìlú kò ju ẹyọ kan, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló sì jókòó lé e.

Ṣáájú ikú Hindowa, ọpọ́n ìrẹsì kan ni Baindu, ìyàwó Vandi, máa ń gbé fún àwọn olórí méjèèjì. Wọ́n á jọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, Vandi á máa fi Aiah ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ wò ó, Kono mọ ọ̀nà ẹnu ju ọ̀nà odò lọ." Lẹ́yìn ìsìnkú, abọ́ tí wọ́n dé lórí ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá Aiah nílé, kò sì sí ẹni tó ń bá a jẹ ẹ́.

Nǹkan kékeré tún tẹ̀ lé e. Ajá ọdẹ Aiah kọ̀, kò wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Inú òjò ló ń sùn, ó ń gbọ̀n, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Aiah nawọ́ sí ibi tó ń fi fìlà ogun rẹ̀ kọ́. Kò bá a. Fìlà tí òógùn orí rẹ̀ ti gbẹ sí láti ọdún pípẹ́ ni.

Ó pe Komba, ẹnì kejì rẹ̀ nínú ogun. "Ta ló wọ ilé yìí?"

"Obìnrin tó gbé oúnjẹ wá láti ilé Vandi nìkan ni."

Aiah ṣí abọ́ ọjọ́ náà. Ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ ló wà lórí ìrẹsì, epo ń ta lórí rẹ̀. Ó fi ìka tú u wò. Nínú ewé náà, ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ títí kò fi jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́.

Komba fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni èèwọ̀ Aiah. Ọjọ́ tó bá jẹ ẹ́ ni ara rẹ̀ di ara lásán, tí ọta á máa bá a wọlé bí ti ẹnikẹ́ni.

"Wọ́n ti mọ̀," ni Komba wí.

"Èmi ni mo sọ fún Vandi," ni Aiah dá a lóhùn. "Lórí ọpọ́n kan náà ni mo ti sọ fún un."

* * *

Nínú àbàtà tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí igi ọ̀pẹ ti ṣú bo ara wọn tí ọ̀sán fi jọ ìrọ̀lẹ́, ni Mama Nyanda ń gbé. Òun ló wẹ gbogbo kámájọ̀ Falahun fún ogun. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti sun àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lé ní ìlú tó ti wá, láti ìgbà náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún.

Vandi jókòó níwájú rẹ̀, ó na fìlà sí i.

"Ti ta ni?"

"Ti Kono yẹn."

"Kí ni kó ṣe?"

"Kó kú. Ṣùgbọ́n kó má kú lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ọlọ̀tẹ̀ ni mo fẹ́ kó kú sí, lójú gbogbo èèyàn, kí àwọn èèyàn rẹ̀ má lè bi mí léèrè."

Ìyá arúgbó náà gbóòórùn fìlà náà. "Ọ̀tá wà lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ fẹ́ gé ọwọ́ ara rẹ."

"Ọwọ́ òsì ni, Mama. Kì í sì í ṣe tèmi."

Obìnrin náà fa etí ẹ̀wù ogun Vandi, ó fi ọ̀bẹ gé díẹ̀ níbẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹni tó bá ní kí n di ẹlòmíì, òun ló ń mú okùn wá. Máa lọ sílé."

Vandi lọ. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń bojú wẹ̀yìn, kò sì mọ ohun tó ń wò.

* * *

Ọwọ́ tí Aiah fi ń yin ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Á tẹ̀ ẹ́ mọ́ iná, á tutù. Á fi epo pa á, á tutù. Ó ní kí òun gbìyànjú láti gba odò kúrò ní ìlú. Òun àti Komba lọ bá atukọ̀ létí omi ní òwúrọ̀, kùrukùru ṣì bo ojú odò.

"Bàbá, ẹ gbé wa kọjá."

Atukọ̀ náà kò gbójú sókè. Kámájọ̀ kan tó gbé ìbọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fèsì. "Vandi ní kò sí ọkọ̀ fún Kono."

"Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni wá ni?"

"Àlejò ni yín. Àlejò kì í lọ láì dágbére."

Lójú ọ̀nà tí wọ́n ń padà, Aiah dúró sí ìkòríta, ó kọjú sí ilé Vandi. Ó yọ ìdérí ìwo bàbá rẹ̀, ó da ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí Komba kò gbọ́, ó sì fẹ́ ẹ lọ.

Ní àkókò yẹn, Vandi ń bá ìyàwó rẹ̀ wí nílé. Ọ̀rọ̀ gé e lẹ́nu. Ahọ́n rẹ̀ wúwo bí òkúta odò, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, itọ́ nìkan ló ń jáde. Baindu ké, ó gbá a mú. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún gbogbo ogun Falahun ń fi ọwọ́ júwe omi bí odi. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, gbólóhùn tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Á rí tèmi."

Ó rí i. Nígbà tí Aiah jí, ìwo náà ti là sí méjì láyà rẹ̀, èyí tó wà nínú rẹ̀ sì ti di omi tó ń rùn. Oògùn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti tán. Aiah jókòó lórí ẹní, ó ń gbọ́ bí odò ṣe ń hó. Kò sí ibi tí òun lè sá sí, kò sì sí ohun tí òun lè fi dúró. Ibì kan ṣoṣo ló kù.

* * *

Mama Nyanda kò béèrè ohun tó gbé e wá. Ó ní kó jókòó. Aiah ń jókòó lọ́wọ́ nígbà tí ó tajú kán rí fìlà rẹ̀ lábẹ́ ìkòkò kan.

"Fìlà mi nìyẹn."

"Òun ni."

"Ta ló gbé e wá?"

"Má fi ohun tí o mọ̀ bi mí."

Aiah na ọwọ́ sí fìlà náà. "Ẹ ti gbà láti pa mí?"

"Mo gba fìlà. Mi ò tíì gba ẹ̀mí ẹnì kankan." Obìnrin náà da omi sínú ìkòkò náà, èéfín bo ojú wọn. "Kí lo mú wá?"

Aiah tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Obì tí Vandi gé jẹ kù níbi ìsìnkú ló wà níbẹ̀, ojú eyín rẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀. Aiah ti pa á mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì sọ fún Komba.

"Ẹ dá a padà sí i, Mama. Ohun tó bá rò sí mi, kó bá a. Mi ò wá bá yín jà. Àlejò ni mo jẹ́."

"Gbogbo yín ni ẹ kì í wá jà." Ó gba obì náà. "Máa lọ."

"Ẹ máa ṣe é?"

"Mo ní kí o máa lọ."

* * *

Ní ọjọ́ díẹ̀ sígbà náà, amí dé pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti rí ìbọn ńlá gbà, èyí tí ọta rẹ̀ ń fọ́ ilé, àti pé wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Àwọn ọdẹ ìhà méjèèjì péjọ sínú abà ìpàdé. Mende jókòó lápá kan, Kono lápá kejì, wọ́n fi àárín sílẹ̀ bí ẹni pé òkú wà níbẹ̀.

"Kono ló máa ṣíwájú," ni Vandi wí.

Komba fò dìde. "Kí la jẹ́? Ajá ọdẹ yín?"

"Ajá a máa dúró ti olówó rẹ̀. Ẹ̀yin sá lọ́jọ́ sí."

"Ẹ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ fi èèwọ̀ sínú ọbẹ̀ olórí wa, ẹ tún wá ń sọ̀rọ̀ sísá?"

Ariwo sọ. Ìbọn Mende dojú kọ ìbọn Kono, nínú abà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kò tíì fi ọta kàn. Aiah dìde sáàárín, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Komba, sọ ìbọn kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká—"

Vandi yí ìbọn rẹ̀ padà, ó fi ìdí rẹ̀ gbá a níwájú orí.

Aiah ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bọ́ sí i lójú. Ó ń retí ìró ìbọn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó nu ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń wò.

Vandi ni. Ó dúró síbẹ̀, ìbọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ ti là níbi kan náà gan-an, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba imú rẹ̀ ṣàn sí ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀.

"Tún nà án," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Mama Nyanda ló dúró síbẹ̀, omi òjò ń kán lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tó wọ ìlú kẹ́yìn.

"Vandi, tún nà án. Àbí ó ti tó?"

"Mama, kí lẹ ṣe?"

"Ọ̀kan ní kí n pa èkejì. Èkejì ní kí n dá ikú náà padà. Kí ni n ó fi òkú yín ṣe? Òkú pọ̀ lọ́dọ̀ mi." Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ọmọ tó da epo nù. "Okùn kan ni mo fi di ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tó bá bá ọ̀kan á bá èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ yè, kó yáa máa ṣọ́ ọmọnìkejì rẹ̀."

"Ẹ tú wa!" Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọjọ́ tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ bá kúrò lójú ọ̀nà yẹn ni n ó tú yín."

Ó yípadà sínú òjò. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn Mende àti àwọn Kono jókòó papọ̀, wọ́n sì fẹnu kò sórí fèrè kan.

* * *

Àwọn ọlọ̀tẹ̀ dé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ìbọn ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ilẹ̀ ń mì, òrùlé ń fò. Aiah àti Vandi dùbúlẹ̀ sẹ́yìn igi àràbà tó wó, ejìká wọn kan ara wọn.

"Tẹ orí rẹ mọ́lẹ̀!" Vandi fi ọwọ́ tì í mọ́lẹ̀. Ọta họ èèpo igi níbi tí orí Aiah wà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, ẹ fa ẹsẹ̀ yín wọlé! Ṣé ẹ fẹ́ kí n yarọ ni?"

Bí ọ̀kan bá dìde, èkejì á dìde bò ó. Bí ọ̀kan bá yọ sápá ọ̀tún, èkejì á sáré tẹ̀ lé e, kì í ṣe nítorí ìfẹ́, ẹ̀rù ni. Àwọn ọdẹ tó ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni olórí méjì tó ń jà bí ẹnìkan ṣoṣo, ọkàn wọn sì le. Nígbà tí Aiah fun fèrè, Mende àti Kono jọ dìde. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n tú ká, wọ́n fi ìbọn ńlá wọn sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ariwo ayọ̀ gba ìlú. Aiah kò dá sí i. Ó ti rí èéfín tó ń ti inú àbàtà jáde. Ó wo Vandi, Vandi wò ó, àwọn méjèèjì sì mú eré.

Ọta ìbọn ńlá náà ló bá ibẹ̀ kẹ́yìn. Ahéré náà kò sí mọ́. Mama Nyanda nà gbalaja lẹ́bàá ìkòkò tó fọ́, ojú rẹ̀ là, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún.

Vandi kúnlẹ̀. Aiah rò pé ó fẹ́ pa ojú rẹ̀ dé ni. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀. "Okùn náà," ló ń wí. "Okùn náà dà? Wá a!" Aiah kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n wa ẹrẹ̀, wọ́n gbọn eérú, wọ́n tú abẹ́ gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ tó jóná, títí èékánná wọn fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọn ò rí okùn kankan.

* * *

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ṣọ́jà ìjọba ṣí ọ̀nà. Àwọn Kono palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Komba bẹ Aiah títí ó fi sunkún.

"Finda ìyàwó rẹ ń retí rẹ. Kí ni n ó wí fún un?"

"Sọ fún un pé mo wà láàyè."

"Ó máa béèrè pé kí ló dè ọ́ mọ́lẹ̀."

Bí Aiah bá lọ, ta ni yóò máa ṣọ́ Vandi? Vandi ń gun ọ̀pẹ. Vandi ń mu ẹmu lámujù. Vandi ń bá àwọn èèyàn jà nítorí ààlà oko. Aiah kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ilé Vandi. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, á lọ sí ojú fèrèsé, á béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jí?" Vandi á dáhùn pé, "Mo jí. Ìwọ ńkọ́?" Àwọn ará Falahun ń fi wọ́n kọ́ ọmọ. Wọ́n ní, ẹ wo bí Mende àti Kono ṣe fẹ́ràn ara wọn.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ikọ́ kan kọ lu Vandi. Ó húkọ́ títí kò fi lè dìde. Aiah já ewé, ó sè é fúnra rẹ̀, ó gbé e wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Baindu jáde fún wọn.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?" ni Vandi béèrè.

"Ewé ni."

"Ewé wo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń pa ara rẹ̀? Ẹ mu ún."

Vandi gba abọ́ náà, kò gbé e sẹ́nu. Ó húkọ́, ó nu ẹnu, ó sì tẹjú mọ́ Aiah pẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Láti ìjẹta ni mo ti ń húkọ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ ò húkọ́."

Aiah kò tíì ro ọ̀nà ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i láyà bí omi tútù. Òótọ́ ni. Àyà rẹ̀ mọ́, èémí rẹ̀ ń lọ geere. Bí okùn náà bá ti bá obìnrin náà lọ, a jẹ́ pé òun ti lè máa lọ sílé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A jẹ́ pé Finda ń retí lásán.

Ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ ọ̀tún Vandi tó ti wọ abẹ́ ìrọ̀rí lọ. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé àdá ló ń fi síbẹ̀. Ojú tó fi ń wo Aiah kì í ṣe ojú ẹni tó ń béèrè nǹkan. Ojú tó fi wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Hindowa wọlé ni. Ojú yẹn kò kú rárá látìgbà náà. Ó kàn jókòó ni, ó ń retí.

Aiah fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó húkọ́.

Ó ṣe é tagbára-tagbára, ó sì fi ọwọ́ tẹ àyà bí ẹni pé ó ń dùn ún. "Láti àná ni," ló wí. "Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín ni mi ò fi sọ."

Vandi ń wò ó lẹ́nu, ó ń wò ó láyà, ó ń wá irọ́ náà. Nígbà tó pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, òfìfo ni. Ó fi méjèèjì gbé abọ́, ó mu ewé náà tán.

"Ìwọ náà lọ mu ún," ló wí. "Tọ́jú ara rẹ."

"Ó dàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n."

Aiah jáde. Ó kọjá Baindu lẹ́nu ọ̀nà, ó rìn wọ inú ọyẹ́, ó ń ro ọ̀nà Kono, ó ń ro bí òun ṣe máa rọra lọ kí Vandi tó lè dìde. Kò tíì dé ilé rẹ̀ tí nǹkan kan fi rìn ín lọ́fun. Ó dúró. Ó gbé itọ́ mì. Ó tún rìn ín.

Ó húkọ́. Èyí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe.